Hóró Tó Kẹ́yìn Nínú Ìdì Dúrósinmí

"Àwẹ̀ró, kọ ọgọ́rùn-ún síbẹ̀ fún mi, kí n lè lọ sílé lọ ti ilẹ̀kùn mi."

Bí Ìyá Dúró ṣe wọlé nìyẹn. Kò kí, kò bèèrè àlàáfíà. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó sì jókòó sórí àga gbọọrọ tí wọ́n tò fún àwọn tó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ìkùukùu àárọ̀ bá a wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó rọ̀ mọ́ ìborùn rẹ̀ bí òwú.

Àwẹ̀ró ò tètè gbójú sókè. Ó ti ka hóró mẹ́rìnlélógún sí apá ọ̀tún àwo, ó sì fi ìka tẹ ibi tó kà dé kó má baà ṣì í.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Dúró. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí yín."

"Kí lo fẹ́ fi kíkí mi ṣe? Ọdún mọ́kànlá lo ti ń kí mi. Ìkíni ò kún agbọ̀n."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ púpurú àná. Mi ò wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ níbí. Mo ní kí o kọ ọgọ́rùn-ún."

Àwẹ̀ró wo òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí Olùṣọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ Ilé Ìkà tí wọ́n ti ń ka ohùn, ti ń ṣẹ́jú rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ rọra, mà. Ó ń gbọ́ wa."

"Kó gbọ́! Ṣé òun ló bí Dúrósinmí ni?"

Ẹni tó bá ti gbé Òkè-Àsálà rí kò lè gbàgbé òórùn ilé yẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó tó ti kúrò níbẹ̀: òórùn káńfọ̀, òórùn iyọ̀ òkun tó bá àwọn ìdì ohùn gorí òkè wá, àti òórùn aṣọ àwọn ìyá tó ń dúró. Àwọn tí òkun lé kúrò ní etí omi ló tẹ ìlú náà dó. Àwọn ọmọ wọn ló sì ń padà lọ sójú òkun lọ́hùn-ún lọ di Ògiri mú, kí omi má baà tún lé wọn kúrò lórí òkè. Lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ Ògiri kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún hóró ohùn tó lè fi ránṣẹ́ sílé. Hóró kan kò ju ìmí kan lọ. Àkọ́kọ́ ń gbé orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìyókù ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn òkè, ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ń ṣe àáró bí àgbẹ̀ ayé àtijọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé hóró tirẹ̀, gbogbo wọn á sì gbé e dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó ń yọjú wo ọwọ́ ìkejì. Àmì tí wọ́n so mọ́ ọrùn ìdì ni wọ́n ń bi léèrè: ta ló rán an, irú kí ni, mélòó ló dé? Tí àmì bá ní ogójì, àpótí-ohùn inú ilé á ṣí ogójì, á sì dákẹ́, ìbáà jẹ́ pé ọgọ́ta mìíràn wà nísàlẹ̀ ìdì tó ń retí. Tí àmì bá sì pe ogójì ní ọgọ́rùn-ún, àpótí á máa ṣí lọ títí á fi bọ́ sínú ohùn ẹlòmíràn tó ti sùn síbẹ̀ tipẹ́. Ìyàwó tuntun kan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà kan, àfi bí baba arúgbó kan ṣe já lù ú, tó ń bú ẹni tó jí ewúrẹ́ rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìlú fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ àmì yẹn kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé, ẹ̀rọ lè kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀rọ máa ń já nígbà mìíràn, bó ti já ní ọdún tí Ògiri ya, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Inú àwọn igbá tó léfòó lójú omi ni ohùn àwọn ọmọ náà kó sí, àwọn apẹja ló sì ṣa igbá náà, tí wọ́n rù ú gun òkè wá. Ẹ̀rọ kò mọ iye tó wà nínú wọn. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tú u, kó kà á, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye náà sórí àmì. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró nìyẹn. Òun ló ka ìdì Dúrósinmí, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ìyá Dúró. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kọ.

"Ó ku ẹyọ kan péré," ni Ìyá Dúró wí. "Ẹyọ kan! Tó bá jẹ́ iyọ̀ ni mo ní kí o bù kún un fún mi, ṣé o ò ní bù ú?"

"Ìyá Dúró, ẹ mọ ohun tí a búra. Ohun tó dé ni mo kà. Ohun tí kò dé, ẹnu mi kò gbọdọ̀ pè é."

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọ́n ní mi ò ní rí òjò tó ń bọ̀, Àwẹ̀ró. Dókítà náà fi ẹ̀rọ wò mí tán, ló bá ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo ní, ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ ò ṣe nǹkan kan, èmi ni kí o wò."

Àwẹ̀ró fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Dúró ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Òfin ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A kì í sunkún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn mi ò gbọdọ̀ tì, kó lè bá a ní ṣíṣí. Òjò wọlé, mo nu ún. Ọyẹ́ wọlé, mo gbọ̀n. Ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ ẹ̀gẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì sunkún ọmọ mi. Mo gbé e mì títí ó fi di òkúta síbí." Ó fi ìkúùkù kan igẹ̀ rẹ̀. "Mẹ́ta ló ti lọ ṣáájú rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Kò dúró. Ó dára. Ṣé tí èmi náà bá lọ báyìí, ta ló fẹ́ sunkún rẹ̀? Ìwọ?"

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí ìdérí. Ó bo àwo tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìdì náà," ni ó wí, ó sì dìde. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ńṣe lòun ń lọ sá fún obìnrin náà, tàbí irọ́ lòun ń lọ pa.

Yàrá ìpamọ́ tutù. Pẹpẹ ọdún Ògiri wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ènìyàn kì í sábàá dé, nítorí ìdì tí a bá ti kọ iye sí, ó di ti pẹpẹ. Ìdì mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun tó ti ń pọ́n. Ó mú ti Dúrósinmí sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ aṣọ, ó sì tú hóró náà síta. Wọ́n ń dán fírífírí bí ojú ẹja tútù.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó rò ó. Ó ṣa hóró orúkọ, èyí tó pọ́n díẹ̀ ju ìyókù lọ, ó gbé e sí etí aṣọ. Bí Bàbá Ayédùn, ọ̀gá rẹ̀, ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí a sì ṣe kọ́ Bàbá Ayédùn nìyẹn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èèwọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ni akàhóró lè kà, kò gbọdọ̀ ka ọmọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, wọ́n á gbé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ka ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á fi ìka kan orúkọ náà, wọ́n á wí pé, "Onílé ń bẹ nílé," wọ́n á sì bu ẹyọ kan kún iye.

Ó kà. Ó kà á lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ní márùn-ún márùn-ún. Ó dé orí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, àárín aṣọ sì mọ́ foo. Ó mí kanlẹ̀. Bó ṣe wà láti ọdún mọ́kànlá náà nìyí.

Ó ti na ọwọ́ láti dì í padà, ni ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ hóró pupa tó wà ní etí aṣọ.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sófuurufú.

Ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò bìkítà fún èèwọ̀ mọ́, ó gbé orúkọ mọ́ ọ̀rọ̀, ó kà gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ka àgbàdo. Ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́ yẹn padà wá bá a bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Oṣù kẹta tó dé ẹnu iṣẹ́. Àwọn ènìyàn kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Ó mú hóró pupa kan lọ́wọ́, ó gbé e sétí, ó gbọ́ "Dúrósinmí", ọmọ tí òun pọ̀n rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Omijé bo ojú rẹ̀. Ó gbé e sí etí aṣọ, ó ka ìyókù. Ó nu ojú, ó sì kọ ohun tó kà. Kò pe onílé.

Ó ti wà níbí. Láti ọjọ́ náà ló ti pé. Àpótí ń ṣí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún bí àmì ti wí, ó ń dákẹ́, hóró tó kẹ́yìn sì wà lórí pẹpẹ yìí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Gbogbo Òkè-Àsálà ló mọ ibi tí ohùn ọmọ náà já sí. "Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n…" Ibẹ̀ ló dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Bàbá Dúró, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn jiyàn, dìde láàárín ilé, ó ní, "Kí wọ́n wá. Ọmọ mi ní kí n wá." Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń bá ọkọ̀ awáni lọ, nítorí òfin ní kí ọkọ̀ máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pé. Ọdún kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ní ọdún kẹfà, ọkọ̀ padà. Bàbá Dúró kò bá a padà.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Olùṣọ́ yóò bi í ní ìdí tó fi ń yí iye padà. Tó bá wí pé hóró kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún dé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn apẹja ṣì ń rí igbá he lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó máa ṣe ìwádìí. Ìyá Dúró á sunkún ọmọ rẹ̀, á sì kú ní ìrọ̀rùn. Tó bá wí pé òun ṣì í kà, wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, kò sì ní fọwọ́ kan ìdì ẹnikẹ́ni mọ́ títí ayé. Èyí kọ́ ló bà á lẹ́rù jù. Ojú obìnrin tó wà lórí àga gbọọrọ náà ló ń bà á lẹ́rù.

Ó di ìdì náà, ó gbé e jáde.

"O pẹ́," ni Ìyá Dúró wí. "Mo rò pé eku ti gbé ọ."

Àwẹ̀ró gbé ìdì náà síwájú Olùṣọ́. Ojú aláwọ̀ ewé náà là.

"Ta ló ń yí iye padà?"

"Àwẹ̀ró, ọmọ Ilé Ìkà."

"Iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Iye tuntun?"

"Ọgọ́rùn-ún."

Ìyá Dúró fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìdí?"

"Hóró kan…" Ó gbé ojú kúrò lára Ìyá Dúró. "Hóró kan tún dé."

"Mo gbọ́," ni ẹ̀rọ wí, ó sì ṣí ìdì.

"Dúrósinmí, ọmọ Òkè-Àsálà," ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò dàgbà sí i láti ọjọ́ náà. "Màámi, èmi ni o. Ẹ má fòyà. Ẹja gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, àwọn olè ibí ti bá mi jẹ ìdajì…"

Ìyá Dúró ń bá a sọ ọ́. Ètè rẹ̀ ń lọ láìsí ohùn, kò sí ìmí tó ṣì gbé. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ọmọ ti rẹ́rìn-ín. Ó dijú níbi tí ọmọ ti ní Ògiri ń mì. Ó mi orí níbi tí ọmọ ti ní omi ti dé orúnkún àwọn, kò burú, àwọn ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n…"

Ètè rẹ̀ dúró. Fún ọdún mọ́kànlá, ibí ni ilé ti máa ń dákẹ́.

"…má wá mi o. Kí wọ́n jókòó tì yín."

Kò sí nǹkan mọ́. Ó pé.

Ìyá Dúró kọjú sí ìhà òkun. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jáde bí ohùn ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọgbà.

"Òkun," ni ó wí. "O jẹ ọmọ mi. Mo ní kò burú. O jẹ ọkọ mi. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ì bá dá ọkọ mi dúró sílé náà lo tún gbé mì? O wá bì í jáde lónìí, nígbà tí kò wúlò mọ́? Olè ni ọ́. Olúwa á bi ọ́."

Ó yí padà sí Àwẹ̀ró, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná janjan. "Ìwọ, ọmọ àbúrò ni ọ́ sí mi. O ò jẹ́ kí n kú sínú ìdúró. Ọwọ́ tí o fi kà á fún mi yìí, kò ní rí ibi. Bí o ṣe tú mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa tú ìwọ náà sílẹ̀."

Àwẹ̀ró ń wo ọwọ́ tó dì í mú.

"Ṣe àmín."

Kò lè ṣe é.

"Mo ní kí o ṣe àmín! Kí ló ń ṣe ọ́? Èmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀, ìwọ lò ń gbọ̀n."

"Òkun kọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

"Òkun kọ́ kí ni?"

"Òkun kọ́ ló gbé e mì. Ó wà níbí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti wà nínú ilé yìí, Ìyá Dúró. Mo gbé orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ka ọ̀rọ̀, n kò sì pe onílé. Ó pé. Ó pé láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò pé."

Ìyá Dúró kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Lọ́dún kẹfà," ni ó wí nígbà tó ṣe, "lọ́jọ́ tí Bàbá Dúró ń lọ. Ta ló di oúnjẹ fún un?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni. O fi ewé ẹ̀kọ dì í. O ní kó má jẹ́ kí omi kan án."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Dúró fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ènìyàn ṣe ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ó wá ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀pá náà wà níwájú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí i. Ó jáde.

Àwẹ̀ró kọjú sí Olùṣọ́. "Mo fẹ́ yí ìdí padà."

"Ìdí tuntun?"

"Mo ṣì í kà."

Ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín síbí." Ó gbé e síbẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé náà gbá ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó gbá a bọ̀, bí ìgbálẹ̀. "Ó tán," ni ó wí. Hóró mẹ́rìnlélógún tó kà láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ ìdérí. Ẹlòmíràn ni yóò tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé Ìyá Dúró lókèèrè. Ìkùukùu ti ká, ọ̀nà òkè mọ́ kedere. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn, kò sì yára. Nígbà tó dé ilé rẹ̀, ó gbé ọ̀pá kalẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì tì í.

Ilẹ̀kùn kò mira. Ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, igi rẹ̀ ti wú, koríko ti hù sí ìdí rẹ̀. Ó fi èjìká tì í. Ó sinmi. Ó tún tì í. Àwẹ̀ró dúró lẹ́bàá ọgbà, kò gbójúgbóyà sún mọ́ ọn.

"Ṣé o fẹ́ kí n dá a tì ni?" ni Ìyá Dúró wí láìwẹ̀yìn.

Àwẹ̀ró sáré wá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka hú koríko tó di ìdí ilẹ̀kùn mú. Ìyá Dúró wọlé lọ, ó di etí ilẹ̀kùn mú láti inú.

"Tì í láti ìta. Èmi á fà á láti ibí."

"Ìyá Dúró, ẹ jọ̀ọ́…"

"Tì í."

Ọ̀kan tì, ọ̀kan fà. Ilẹ̀kùn ké bí ọmọdé, ó sún ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tún sún. Nínú àlàfo tó ń há sí i, Àwẹ̀ró rí apá kan ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹyinjú kan, lẹ́yìn náà òkùnkùn ilé. Ó tì.

Àwẹ̀ró gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ. Kò kọ́kọ́ dà bí ohùn ènìyàn. Ó ti pẹ́ jù nínú àyà, ó sì ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà àbájáde. "Dúró," ni obìnrin náà ń wí nínú ilé, "Dúró mi, Dúró o," ó sì tún ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Àsálà kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àwẹ̀ró jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi orí tì í. Ìka rẹ̀ ń mira lórí itan, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí ohùn bá ń wọ etí rẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò kà. Ó ká wọn mọ́ra, ó fi wọ́n há abíyá, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yí.